Bọ́ọ̀sì Màmá Earline

Ní ìlú Pinder, ní Georgia, òkú ló ni gbogbo nǹkan. Ilé tí Cleophus onígbàjámọ̀ ń gbé, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn, tó sì ń san owó orí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ilé Bàbá Ezra ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ Ezra ti kú kí wọ́n tó bí ìyàwó Cleophus. Igi píà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ti Àǹtí Dovie ni. Kò sí alààyè kan tó rántí bí ojú Dovie ṣe rí. Síbẹ̀, bí ọmọdé bá já èso rẹ̀ láìtọrọ, àgbàlagbà kan á ké sí i pé, "Ṣé o bi Dovie?" ọmọ náà á sì bojú wo ọ̀nà itẹ́ òkú kó tó gé e jẹ. Kì í ṣe ẹ̀rù. Àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti jẹ́ ohun ìní ẹlòmíràn nígbà kan, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú ìbaaka àti ohun èlò oko. Nígbà tí ọwọ́ wọn wá tẹ ohun tí wọ́n lè pè ní tiwọn, wọ́n pinnu pé orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in kò ní kúrò lára rẹ̀ láéláé.

Nítorí náà, nígbà tí Verdell Gaskin ra bọ́ọ̀sì, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọkọ̀ náà kò tíì fẹsẹ̀ rinlẹ̀ tó fi di ti ìyá rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ẹ̀pà ni Verdell ti lo ìgbà èwe rẹ̀ tán. Eruku èèpo ẹ̀pà ló fún un ní ikọ́ tí kò lọ mọ́, ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló sì fún un ní owó ìfẹ̀yìntì tó fi ra ọkọ̀. Ford gbọọrọ kan ni, aláwọ̀ aró, tó ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó gbé e wọ àgbàlá, Màmá Earline fi ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yí ọkọ̀ náà po bí ẹni tó ń yẹ màlúù wò lọ́jà, ó sì ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ó jókòó. Ó gbé báàgì lé itan. Ó fi abẹ̀bẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ há ẹ̀gbẹ́ ìjókòó.

"Ọkọ̀ mi tù mí lára," ló wí.

"Màmá, èmi ni mo rà á o."

"Ta ló bí ẹni tó rà á?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì Màmá ni. Verdell gan-an kì í pè é ní nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá rí i tó ń fọ ọkọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe, á ní, "Mò ń fọ ọkọ̀ Màmá."

Kíndìnrín ló máa ń ṣe wọ́n nínú ìdílé Gaskin. Ti Màmá Earline ti daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ìdí tí ọmọ rẹ̀ sì fi ra ọkọ̀ nìyẹn: kó lè máa gbé e lọ sí ìlú Marlow, níbi tí ẹ̀rọ wà tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, òjò bá à rọ̀, oòrùn bá à ràn. Ìyá á jókòó níwájú, á máa bá ọ̀nà jà: "Wo oko àwọn Hadley, koríko ló gbìn sí i. Dell, sáré díẹ̀, ìjàpá ti kọjá wa." Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde mọ́, ohun tó bi ọmọ rẹ̀ ni pé ta ló máa gba ọkọ̀ òun.

"Kò sẹ́ni tó máa gbà á, Màmá. Bó bá ti ń rìn lójú títì, tiyín ni."

Ó mi orí, ó sì lọ sílé ní ọjọ́ Àìkú kejì rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Pinder nìyẹn. Ènìyàn kì í kú níbẹ̀, ilé ló máa ń lọ. Pásítọ̀ á sọ bẹ́ẹ̀, ìwé ìsìnkú á kọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sunkún á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ta ni kò mọ̀?

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni kíndìnrín Arnetha, ẹ̀gbọ́n Verdell obìnrin, náà daṣẹ́ sílẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn awakọ̀, Verdell sì ń bá ìrìn Marlow lọ. Bàbá Hosea Tubbs, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìntì, tó ní ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń mú kí páànù ṣọ́ọ̀ṣì gbọ̀n, bá wọn wọlé, torí ẹ̀rọ náà ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà, ó jókòó sí ìlà ìkẹyìn. Ìjókòó iwájú ṣófo. Abẹ̀bẹ̀ Màmá ṣì há síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣòfin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ń bọ̀ láti Marlow, Lonzo, ọmọ àbúrò bàbá wọn, sì na ọwọ́ sí wọn ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo. Ọkùnrin tó ti hewú, ṣùgbọ́n tí kò tíì gbọ́n. Verdell dúró fún un. Ẹbí ni. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí iná ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wọn lójú láti ẹ̀yìn.

Ọmọkùnrin òyìnbó kan ló sọ̀kalẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, Stroud ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ó ní táyà kan ìlà ojú títì. Ó gba ìwé ìwakọ̀, ó kà á.

"Verdell. Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Ti Màmá ni, sà."

Bí ẹni ń dáhùn ìkíni ló ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá ẹ dà?"

"Wọ́n ti lọ sílé, sà."

"Ṣé ó mọ̀ pé o gbé ọkọ̀ òun jáde?"

"Wọ́n mọ̀, sà. Kò sí ohun tí wọn ò mọ̀ níbi tí wọ́n wà."

"Àmín," ni Arnetha wí láti ẹ̀yìn.

Stroud kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ó wá na ọ̀rùn wo inú ọkọ̀, ó sì rí Lonzo tó ń làágùn nínú afẹ́fẹ́ tútù. Wọ́n mú ajá wá. Ajá náà yí bọ́ọ̀sì po, ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀. Igbó tí wọ́n bá nínú ìbọ̀sẹ̀ Lonzo kò tó èyí tí ènìyàn lè fi dí ihò eyín. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Verdell, o lè máa lọ," ni Stroud wí. "A ò bá ẹ ṣẹjọ́."

"Ẹ ṣeun, sà. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"A ti mú ọkọ̀."

"Kí ni ọkọ̀ ṣe, sà?"

"Ó gbé igbó."

Bàbá Hosea, tó fara ti irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, fi ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìbọ̀sẹ̀ ló gbé igbó, ọ̀gá. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀."

"Bàbá, ẹ dákẹ́," ni Verdell sọ, kíákíá.

Ọkọ̀ gíga kan dé, ó gbé imú bọ́ọ̀sì sókè, ó fà á lọ. Àwọn mẹ́ta kù sójú koríko. Arnetha jókòó sórí báàgì rẹ̀, báńdéèjì ṣì wà lápá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí tí ojú ọ̀nà fi gbé e mì.

"Abẹ̀bẹ̀ Màmá wà níbẹ̀," ló wí.

Cleophus onígbàjámọ̀ ló wá kó wọn.

Nígbà tí ìwé ilé ẹjọ́ dé, ọ̀dọ̀ Cleophus náà ni Verdell gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù ìgbàjámọ̀ ni wọ́n ti ń ka ohun tó bá le ní Pinder. Bàbá Hosea wà lórí àga, ọṣẹ ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Junebug, tó máa ń jókòó síbẹ̀ láìgẹrun torí kò ní irun, gba ìwé náà, ó ka àkọlé rẹ̀ sókè.

"'Ìpínlẹ̀ Georgia pẹjọ́ tako bọ́ọ̀sì Ford kan, aláwọ̀ aró.'" Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Verdell, orúkọ ẹ ò sí níbí o. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n pè lẹ́jọ́."

"Bọ́ọ̀sì?"

"Òun ni ọ̀daràn. Ìwọ kàn jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni."

"Báwo ló ṣe máa búra?" ni Cleophus bèèrè. "Ṣé táyà ló máa gbé lé Bíbélì?"

"Wọ́n á ní kó dìde dúró."

"Bó bá dìde, kí n rí i. Èmi tí mo ti ń ti ọkọ̀ náà láàárọ̀ òtútù mọ̀ pé kì í dìde."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Verdell náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á. Nígbà tó simi, Cleophus nu abẹ lára aṣọ, ó sì sọ ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ nìyẹn o. Bí wọ́n bá pe ènìyàn lẹ́jọ́, tí kò sì lówó, ìjọba á fún un ní lọ́yà. Wọn kì í fún bọ́ọ̀sì ní lọ́yà. Bí wọ́n bá pe ènìyàn lẹ́jọ́, àwọn ló máa fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn. Ti bọ́ọ̀sì, ìwọ lo máa lọ fi hàn pé kò jẹ̀bi; bó ò bá lè fi hàn, wọ́n á tà á, owó rẹ̀ á sì di ti ọlọ́pàá. Ilé ìyá Thelma, báyìí ni wọ́n ṣe gbà á, torí ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá náà ò mọ̀ ọ́n. Wọn ò bi í."

"Lonzo ńkọ́?" ni Junebug bèèrè.

"Wọ́n bu owó ìtanràn fún un, ó san án, ó sì ti wà ní Atlanta," ni Verdell wí. "Kò lè wo ojú Arnetha."

"Ẹni tó gbé igbó ti dé Atlanta," ni Bàbá Hosea wí láti abẹ́ ọṣẹ. "Ẹni tó gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ ló wà látìmọ́lé."

Ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n to àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbà sí, sínú ọgbà wáyà, Verdell sì sọ ọ́ di àṣà láti máa kọjá níbẹ̀. Kò dá a ṣe. Àwọn ará Pinder a máa dúró lẹ́bàá wáyà náà bí wọ́n ṣe ń dúró ní itẹ́ òkú, wọ́n á máa na ìka: Chevrolet ti ọkọ Imogene nìyẹn, ọkọ̀ akẹ́rù tí àwọn ọmọ Purnell fi ń gé koríko nìyẹn, ẹ̀rọ ìgékoríko ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, alùpùpù ọmọ tó lọ sógun ni ti òkè yẹn. Ewéko ti ń gun táyà àwọn mìíràn. Kò sí ọkọ̀ ará òkè ìlú kan níbẹ̀, níbi tí ilé àwọn òyìnbó ti ní òpó funfun, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé mọ̀ pé igbó tí wọ́n ń mu lókè ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ní iwájú àgọ́, lábẹ́ òrùlé, àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá tuntun ń dán gbinrin. Bọ́ọ̀sì Màmá wà ní kọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ògiri, bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀.

Nílé, ẹsẹ̀ Arnetha bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọkọ̀ ìjọba wà tó yẹ kó máa gbé aláìsàn. Wọ́n á pè é, wọ́n á ní ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pín ọjọ́ láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni wọ́n, ọ̀gá wọn ò sì fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kíndìnrín. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ á mọ́. Ọjọ́ tí wọn ò bá rí, Arnetha á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa rún yìnyín lẹ́nu, torí omi ti di ọ̀tá rẹ̀, òùngbẹ kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìró yìnyín náà ló ń jí Verdell láàárọ̀. Ó mọ̀ láti inú ìró náà bí ara Arnetha ṣe rí.

Bàbá Hosea kì í bẹ ènìyàn. Ní ọjọ́ tí ìyàwó pásítọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó ń fun fèrè ọkọ̀, ó yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ máa gbé Arnetha lọ. Mo ti sinmi lónìí. Èmi á dé lọ́jọ́ mìíràn." Lọ́jọ́ mìíràn náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n fipá ṣílẹ̀kùn, omi ti kún àyà rẹ̀.

"Bàbá Hosea ti lọ sílé," ni Cleophus wá sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Verdell ṣí ẹnu láti dáhùn bó ṣe yẹ, pé kí Olúwa gba ẹ̀mí rẹ̀. Lọ sílé. Stroud ló rí lójú inú, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Cleophus jókòó tì í. "Ẹjọ́ ẹ kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbọ́ mi. Bí wọ́n bá bi ẹ́, tìẹ ni. Ìwọ lo rà á, orúkọ ẹ ló wà lórí ìwé rẹ̀. Má mẹ́nu ba Màmá. Bó o bá ní ti Màmá ni, wọ́n á ní kí Màmá wá gbà á."

"Dell ò ní sọ bẹ́ẹ̀." Arnetha ló sọ̀rọ̀ láti inú àga rẹ̀. Wọ́n ti rò pé ó sùn.

"Netha, orúkọ mi ló wà—"

"O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, o ṣèlérí. Mo gbọ́ ọ. O fẹ́ lọ sẹ́ Màmá lójú àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn nítorí irin?"

"Kì í ṣe nítorí irin. Wo ẹsẹ̀ ẹ. Ìwọ lo máa kú."

"Mo mọ ẹni tó máa kú," ni Arnetha wí, ó sì ju yìnyín mìíràn sẹ́nu.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Akọ̀wé kootu dìde, ó sì pe ọ̀daràn ní orúkọ: bọ́ọ̀sì Ford kan, aláwọ̀ aró. Junebug, tó wà lẹ́yìn, dáhùn wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Kò ráàyè wá," àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sì fi abẹ̀bẹ̀ bojú. Ìlà àga kún fún àwọn ènìyàn tó ń dúró de ẹjọ́ ọkọ̀ wọn, ẹjọ́ owó wọn, ẹjọ́ ilé ìyá wọn. Dúdú ni gbogbo wọn, bẹ̀rẹ̀ láti ìlà iwájú títí kan ẹnu ọ̀nà. Arnetha jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà ọkùnrin.

Obìnrin pẹ̀lẹ́ kan ni agbẹjọ́rò ìjọba, Kessler lorúkọ rẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ nínú ọ̀ràn náà tó pe Verdell ní ọ̀gbẹ́ni.

"Ọ̀gbẹ́ni Gaskin, ọkọ̀ ta ni?"

Verdell wo ọwọ́ rẹ̀. "Tèmi ni, màdáámù."

"Ọlọ́pàá bi yín lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ti ìyá yín ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màdáámù. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn."

"Ó bi yín pé ìyá yín dà. Ẹ ní wọ́n wà nílé."

"Mi ò sọ pé wọ́n wà nílé. Mo ní wọ́n ti lọ sílé."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Ohùn kan, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú oko àgbàdo, gba ẹ̀yìn kootu kọjá. Adájọ́, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, kan tábìlì.

"Wọ́n ti kú, màdáámù," ni Verdell wí. Kò tíì pe ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ìyá rẹ̀ rí.

"Wọ́n ti kú láti ọdún mélòó kan. Síbẹ̀, ẹ sọ fún ọlọ́pàá pé wọ́n mọ̀ pé ẹ gbé ọkọ̀ jáde. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀." Ó yíjú sí adájọ́, kò fi ìbínú kankan hàn. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í fi òkú bo ara rẹ̀. Ó mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀, ó sì ń wá ẹni tó máa dì í rù."

Verdell wo ìlà àga. Gbogbo wọn mọ ohun tó sọ lójú ọ̀nà ọjọ́ náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ọ̀kan tó lè dìde sọ ọ́ fún adájọ́. Ó wo Arnetha. Arnetha kò wò ó. Ìka rẹ̀ ń tẹ ẹsẹ̀ tó wú, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wo ihò tí ìka fi sílẹ̀ tí kò tètè dí.

Adájọ́ tẹ̀ síwájú. "Mo ti lọ síbi ìsìnkú àwọn ènìyàn yín tó láti mọ ohun tó ń jẹ́ lọ sílé. Ìyẹn ò kàn mí. Ohun tí òfin ní kí n bèèrè ni ẹni tó ni ín. Bí ìyá ẹ bá ní ìpín kan nínú ẹ̀, ìwọ nìkan ò lè gbà á. Nítorí náà, sọ ọ́ kó yé mi. Ṣé ìyá ẹ ló ni ọkọ̀ yìí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó fìgbà kan ní in?"

Ikọ́ ń bọ̀, ó gbé e mì.

"Rárá, sà."

"Kò ní in fún ọjọ́ kan ṣoṣo?"

"Ọjọ́ kan ṣoṣo, sà. Wọn ò ní in rí."

Ẹni tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Pinder mọ ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn sẹ́ni lẹ́ẹ̀mẹta kí àkùkọ tó kọ. Àwọn abẹ̀bẹ̀ dúró. Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní ẹni tó ni ọkọ̀ ti yọjú, kò sí ẹ̀rí pé ó mọ ohun tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ẹlòmíràn, kí wọ́n dá a padà fún un. Kessler kó ìwé rẹ̀ jọ, ó fa ìwé ẹlòmíràn síwájú. Akọ̀wé pe ọ̀daràn tó kàn: Chevrolet kan, pupa.

Cleophus gbá a mọ́ra níta. Junebug ń pariwo pé wọ́n ti dá bọ́ọ̀sì sílẹ̀, pé ó yẹ kí wọ́n ṣe é lálejò. Arnetha sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di irin mú. Nígbà tí Verdell na ọwọ́ sí i, ó gba ọwọ́ náà, torí pé ó nílò rẹ̀.

"O ṣe é dáadáa," ló wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì dáwó fún un láti san owó àyè tí ọkọ̀ gbà nínú ọgbà ọlọ́pàá, torí pé ẹni tí wọ́n jà lólè náà ló máa sanwó ilé tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, òórùn ooru àtijọ́ lù ú lójú. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ la ìjókòó iwájú láti òkè délẹ̀ láti wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Fóòmù rẹ̀ tú jáde. Abẹ̀bẹ̀ wà nílẹ̀, ojú bàtà kan wà lára rẹ̀. Ó mú un, ó fi apá aṣọ nù ún, ó sì wá ibi tó máa fi í há. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tó máa ń há sí kò sí mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Arnetha jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀ àti ife yìnyín. Verdell ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, ní àyè tó máa ń jókòó sí. Ó kọjá níbẹ̀. Ó ṣí iwájú, ó tẹ́ aṣọ ìnura lé ibi tí wọ́n là, ó sì gun orí rẹ̀ jókòó.

"Ẹsẹ̀ mi ò lè gun ẹ̀yìn mọ́," ló wí, kó tó lè bi í.

Wọ́n kọjá ilé Bàbá Hosea. Kò sẹ́ni tó fun fèrè. Wọ́n kọjá oko àwọn Hadley. Koríko ti gbà á dé ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Ní Marlow, Verdell dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ tuntun kan jáde. Ọmọkùnrin dúdú kan ni, ọmọ ìlú ńlá, ọlọ́yàyà. Kò ní ohun búburú lọ́kàn. Ọkọ̀ aláìsàn kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ lọ́nà.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ta nìyí?"

Arnetha dúró, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ilẹ̀kùn. Yìnyín tó wà lẹ́nu rẹ̀ dákẹ́.

Verdell wo ẹ̀ṣọ́ náà. Ó wo káàdì tó wà láyà rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó mú gègé.

"Tèmi ni," ló wí. "Mò ń gbé e kúrò."

Arnetha bẹ̀rẹ̀ sí í rún yìnyín rẹ̀. Ó yíjú, ó sì wọlé lọ bá ẹ̀rọ, kò dúró dè é.